Eèrà Ẹ̀yìnkùlé

Wọ́n ní n má fi nǹkan kan ẹnu láti alẹ́ àná.
Àwẹ̀ láìsí sààrì, àwẹ̀ tí kò wo ojú oṣù.
Mo wọ kòrópé l'Ókè-Baálẹ̀,
oyún oṣù mẹ́fà lórí itan mi bí ẹrù oníẹrù.
Awakọ̀ ní kí n san owó ẹni méjì,
ó rò pé òun dápàárá.

Nọ́ọ̀sì Oyèlọ́lá fa ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́.
Ó po gúlúkóòsì sínú kọ́ọ̀bù oníke,
ó ní, "Mu ún tán. Má bì í o.
Bí o bá bì í, ó di ọjọ́ mìíràn."
Mo mu ún. Adùn náà há mi lọ́fun bí eegun ẹja.
Wákàtí méjì lórí bẹ́ǹṣì,
abẹ́rẹ́ kan ní àkọ́kọ́, òmíràn ní èkejì,
ìyá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń họ ẹ̀pà jẹ,
ó bi mí: "Ṣé ọ̀fun máa ń gbẹ ọ́ lóru?"

Bẹ́ẹ̀ ni.
Mo ti ń mu korobá omi kan tán kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà.
Mo mọ ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé nínú òkùnkùn
bí afọ́jú ṣe ń fi ọwọ́ mọ ojú ọmọ rẹ̀.
Mo rò pé oyún ni.
Oyún ni gbogbo nǹkan ń jẹ́
títí nǹkan yóò fi ní orúkọ tirẹ̀.

Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, mo bí ọmọkùnrin kan.
Kílò márùn-ún, ó dín díẹ̀.
Agbo ilé pariwo: "Ẹ wo àgbàlagbà tí ẹ bí!"
Ìyá ọkọ mi jó yí àgbàlá po.
Ní ọjọ́ kejì, ọmọ ńlá náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n,
ewé kókò lábẹ́ òjò.
Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti dákẹ́.
Kò dé ọjọ́ kẹjọ. A kò pè é ní nǹkan kan.
Ẹnì kan fẹ́ sọ̀rọ̀ àbíkú,
ó rí ojú mi, ó gbé e mì.
Àwọn yòókù ní ayé ni. Mo gbà. Ta ni n bá bi?

Ṣùgbọ́n eèrà ti wá nígbà náà.
Níbi tí mo ti ń tọ̀ lóru,
wọ́n tò lọ, wọ́n tò bọ̀,
wọ́n ń ka ilẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé.
Mo da kẹrosín-ìn lé wọn lórí.
Mo gbá wọn dànù.
Mo ní ìmọ́tótó ni.

"Mùínátù, wọlé. Jókòó."
Ó fi bírò pupa yí nọ́ńbà mẹ́ta ká.
"Àtọ̀gbẹ inú oyún ni."
Ó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ìrìn ìrọ̀lẹ́,
kí n dín ẹ̀bà kù, kí n gbàgbé mínírà,
abẹ́rẹ́ lè tẹ̀lé e bí kò bá gbọ́ ti oúnjẹ.
Ó ní gbàrà tí mo bá bí ọmọ náà
wọn yóò gba ẹ̀jẹ̀ kín-ún ní gìgísẹ̀ rẹ̀,
wọn yóò tètè fún un lọ́yàn,
kí ara rẹ̀ má baà gbọ̀n.

Kí ara rẹ̀ má baà gbọ̀n.
Ibẹ̀ ni ẹkún ti gbé mi.
Ó rò pé ẹ̀rù ló bà mí, ó fún mi ní tíṣù.
N kò lè sọ fún un pé orúkọ ni mo rí gbà,
ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ.

Mo fẹsẹ̀ rìn dé Ọláìyá kí n tó wọkọ̀.
Nílé, n kò gba iwájú wọlé.
Wọ́n wà níbẹ̀, ìlà tín-ínrín lẹ́bàá ògiri.
Mo bẹ̀rẹ̀ débi tí ikùn mi gbà mí láyè.
Gálọ́ọ̀nù kẹrosín-ìn wà nítòsí.
Mo ní: ẹ kú iṣẹ́ o.
Mo ti gbọ́.